Àwòrán Tíṣà Sharma Tí Mo Sun

Bàbá mi àtàtà, ẹ kú ìsinmi o.

Ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn máa yí ọ̀rọ̀ po kó tó sọ ọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó kí yín tán. Èmi ni mo sun àwòrán Tíṣà Sharma. Kò sọnù. Òjò kò pa á, eku kò jẹ ẹ́, ẹ̀yin náà kò sì tà á gẹ́gẹ́ bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń sọ kiri. Èmi ọmọ yín ni mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo da kẹrosíìnì lé e, tí mo sì ṣáná sí i. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ẹ fi kú. Ìgbà tí ẹ kò lè wò mí lójú mọ́ ni mo tó ní ẹnu láti sọ ọ́ fún yín, ẹ wo irú ọmọ tí ẹ bí.

A wà dáadáa níbí. Màmá wà lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo ní wọn ò ní dá gbé inú ilé yẹn ní Ìkirun, mo sì mú wọn wá sí Houston. Àpátímẹ́ńtì wa ní Westchase ti ń tẹ́ wọn lọ́rùn díẹ̀díẹ̀, àfi ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ní ó ti sọ àwọn di ẹja inú fìríìjì. Nígbà tí ooru ìta lè dín ẹyin, súwẹ́tà ni Màmá ń wọ̀ nínú yàrá. Wọ́n ti sọ obìnrin ará Mẹ́síkò tó ń gbá àtẹ̀gùn ilé wa di ọ̀rẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, Màmá kò gbọ́ Spanish, síbẹ̀ wọ́n lè fi odidi wákàtí kan bá ara wọn sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Èmi ti fi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn mi. Mùsíọ́ọ̀mù kan ní àárín ìlú ni mo wà báyìí, mo ń ṣọ́ àwọn àwòrán. Wọ́n fún mi ní kóòtù dúdú àti rédíò kékeré kan tí àwa ẹ̀ṣọ́ fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tí mo ń há mọ́ ìgbànú. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ẹ máa ń lé jáde ní ṣọ́ọ̀bù nítorí pé kò lè rí gíláàsì kó má tẹ ìka mọ́ ọn, òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kó máa kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíì.

Kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí ṣọ́ọ̀bù yín. Ìṣó mẹ́ta mẹ́rin á wà láàárín ètè yín, ẹ ó sì tún máa sọ̀rọ̀. Ẹ ó fẹ́ èémí gbígbóná sára gíláàsì, ẹ ó fi etí bùbá yín nù ún. Bí wọ́n bá gbé fọ́tò olóògbé kan wá kí ẹ bá wọn fi férémù sí i, ẹ ó kọ́kọ́ kí olóògbé náà, ẹ ó ní kó má bínú, pé ìṣó díẹ̀ ni ẹ fẹ́ kàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin kò ní rẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé àbúrò mi ló fi férémù sí fọ́tò tiyín nígbà ìsìnkú, ó sì fi góòmù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ohun tí ẹ kórìíra jù láyé. Èmi tí mo ṣe tèmi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí?

Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ tí Tíṣà Sharma gbé àwòrán náà wá. Ọkùnrin Íńdíà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ní gírámà, onísùúrù ènìyàn, tó ń jẹ ata ju àwa ọmọ onílé lọ. Ẹ̀yin méjèèjì ti dọ̀rẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti ń fi férémù sí àwọn fọ́tò ilé ìwé. Ó mú ewé ìwé kan jáde láàárín aṣọ funfun, ewé tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ó ní ara ìwé àtijọ́ kan ni, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ya àwòrán sí, pé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá òun ni òun ti gbà á. Ó fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí àárò ilé má baà máa sọ òun. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ẹ yí i padà, ẹ rí i pé ìkọ̀wé kún ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ sì ní kò sí bí ẹ ṣe lè lẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ páálí. Ẹ ní ẹni tó kọ ẹ̀yìn náà ṣe làálàá, kí ló dé tí wọn ó fi kọjú rẹ̀ sí ògiri? Gíláàsì méjì ni ẹ fẹ́ gé, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lè yí i padà. Gíláàsì tó tínrín tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ìkirun, ẹ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kó tó dé, ẹ fi àwòrán náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yín, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.

Mo ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, iná Ẹ̀mí ń jó lára mi, kò sí ẹni tí mi ò wàásù fún, títí kan ewúrẹ́ Màmá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere ilé ìwé wa ṣe ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Oníwàásù tó wá láti Òṣogbo sọ fún wa pé bí àwòrán ènìyàn àti ejò bá wà nínú ilé kan, Màmí Wàtá ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó nìyẹn, baba ilé náà kò ní pẹ́ kú. Baba ilé, Bàbá. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin tí ikọ́ ti ń dà láàmú láti ọdún tó ṣáájú. Mo sáré délé. Ilẹ̀ àwòrán náà pupa fòò. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n yà bí ẹní tí a hun, ejò olórí púpọ̀ sì wà nínú omi náà. Ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró dúró lórí ejò, ó ń jó. Àwọn obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìbàdí sókè, obìnrin arẹwà ni wọ́n. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, ejò. Ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ Ìkirun pé èyí kì í ṣe Màmí Wàtá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀? Mo fẹ́ kí ẹ wà láàyè ni. Mo sun ún, mo ń kọrin bí mo ṣe ń sun ún, mo sì gbá eérú rẹ̀ mọ́ eérú ààrò Màmá. Ikọ́ náà sì lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọdún púpọ̀ ni mo fi gbà pé èmi ni mo gbà yín lọ́wọ́ ikú.

Nígbà tí gíláàsì dé láti Ìbàdàn, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀, ẹ ò bá nǹkan kan. Ẹ tú ṣọ́ọ̀bù palẹ̀, ẹ tú ilé palẹ̀. Ẹ bi gbogbo wa léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wo ojú yín kòrókòró, mo ní mi ò mọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀yin àti Màmá lọ sílé Tíṣà Sharma. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ yín ló ti sọnù, ẹ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì lójú ìyàwó yín. Kò pariwo lé yín lórí. Ó kàn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, bó bá rí yín lókèèrè, òdìkejì títì ló ń gbà. Ilé ìwé kò gbé fọ́tò wá mọ́. Wọ́n ní ẹ ti tà á fún òyìnbó kan ní Èkó. Sáà ìwé parí, Tíṣà kó lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì mú un lọ lọ́kàn pé olè ni ọ̀rẹ́ òun.

Màmá náà gbà á gbọ́, èyí ló sì dùn mí jù. Wọ́n fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àwọn ò lè máa yanu kọrin níwájú àwọn tó ń fojú olè wo ilé àwọn. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín yín, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ta ohun olóhun ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ẹ̀yin á dákẹ́. Èmi náà, tí mo wà nínú yàrá kejì, mo dákẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ ni, Bàbá? Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo bá yín lórí àpótí lẹ́bàá ààrò, ẹ ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tú eérú. Ẹ wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí n lọ múra ilé ìwé, ilẹ̀ ti mọ́. Kí ni ẹ rí nínú eérú yẹn? Bí ẹ bá rí nǹkan, kí ló dé tí ẹ kò lù mí? Bí ẹ bá lù mí ni, ariwo mi ìbá ti gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ayé. Àbí ẹ rò pé orúkọ olè á fúyẹ́ lórí yín ju orí ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ?

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n kó àwọn ewé ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà wá sí gbọ̀ngàn tí mo ń ṣọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mo wọlé kí àlejò kankan tó dé, mo sì rí i. Ilẹ̀ pupa, omi bí ẹní, ọmọ aláwọ̀ aró lórí ejò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí mo sun, ohun tó bá jóná ti jóná. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni, Bàbá. Ẹ tún gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò gbé e kọ́ sára ògiri. Àárín ilé ni wọ́n gbé e dúró sí, gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́yìn, kí ènìyàn lè yí i ká kó rí ìkọ̀wé. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé yìí kà, ibi tí ẹ ti dé tipẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù ni wọ́n dé. Mo fẹ́ pe gbogbo ènìyàn kí n sọ fún wọn pé bàbá mi ti ronú kan èyí. Ẹkún ni mo ń sun nínú kóòtù dúdú, títí ọ̀gá mi fi bi mí bóyá mo fẹ́ lọ jókòó.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń mú àwọn ọmọ ilé ìwé káàkiri ibẹ̀, Priya lorúkọ rẹ̀, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí Houston níbí. Mo fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ fún wọn. Ó ní Krishna ni ọmọ náà, ọlọ́run àwọn, tó wá gbé láàárín àwọn darandaran bí ọmọ lásán, tó ń jí bọ́tà ìyá rẹ̀ jẹ. Ejò burúkú kan ń gbé inú odò wọn, oró rẹ̀ ti ba omi jẹ́, ẹran tó bá mu ún á kú. Krishna bẹ́ sínú odò, ó gun orí ejò náà, ó ń jó lórí rẹ̀ títí agbára ejò fi pin. Àwọn obìnrin onírù ejò yẹn, ìyàwó ejò ni wọ́n. Wọn ò wá gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ ni, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ wọn. Krishna sì dárí jì í, ó ní kó máa lọ sí òkun, kó fi odò sílẹ̀ fún onílùú.

Ẹ wo ayé mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ wa ní ìpàdé pé ká tẹ ejò mọ́lẹ̀. Mo rí ẹni tó ń tẹ ejò mọ́lẹ̀ lójúkojú, mo pè é ní ẹgbẹ́ ejò, mo dáná sun ún. Mi ò sọ pé mo ti di ẹlẹ́sìn wọn o, mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ojú ń tì mí ni. Priya tún sọ fún àwọn ọmọ náà pé ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo ewé wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, pé ó ti tú ká kiri ayé, ọ̀pọ̀ ló sì ti sọnù tí a kò mọ ibi tó wà. Ọmọ kan bi í pé ta ló sọ wọ́n nù. Mo wo bàtà mi. Ṣé Tíṣà Sharma wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀? Ó ti kí yín?

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ pé ọdún kan. Káyọ̀dé ń ṣe ìwé ìrántí, gbogbo wa la ti kọ tiwa ránṣẹ́, ojú ìwé Màmá nìkan ló ṣófo. Káyọ̀dé pè wọ́n lórí WhatsApp.

“Màmá, ìlà méjì péré ni. Ẹ ṣáà sọ nǹkan kan nípa Bàbá.”

“Kí n wá purọ́ sínú ìwé?”

“Ẹ bá wọn gbé láti kékeré, Màmá.”

“Mo bá wọn gbé, mo sì sin wọ́n. Ẹ má fi tipátipá gba ẹ̀rí lẹ́nu mi.”

Káyọ̀dé ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ wo ni mo fẹ́ bẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo di wọ́n lẹ́nu? Ní Sátidé, mo ní kí wọ́n múra. Tọ́mi ọmọ mi ló wa ọkọ̀.

“Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú seat belt yẹn, a ti wà lórí freeway.”

“Ó ń fún mi láyà.”

“It's supposed to, Grandma.”

Tọ́mi já wa sílẹ̀ níwájú mùsíọ́ọ̀mù, ó lọ wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí. Mo mú Màmá lọ síwájú àwòrán náà, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀. Mo sọ fún wọn pé irú èyí ni Tíṣà Sharma gbé wá. Ojú wọn yí padà.

“O wá mú mi wá wo ohun tí bàbá rẹ tà?”

“Bàbá ò tà á, Màmá. Èmi ni mo sun ún.”

Mo kúnlẹ̀. Lórí ilẹ̀ mùsíọ́ọ̀mù níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, oníwàásù, ikọ́ yín, kẹrosíìnì, eérú. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ sáré wá, ó rò pé mo dákú. Màmá kò gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

“O ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń pe bàbá rẹ?”

“Mo ń gbọ́ ọ, Màmá.”

“O sì dákẹ́.”

“Mo dákẹ́, mà.”

Wọ́n padà sí àwòrán náà. Wọ́n bi mí pé ta ni àwọn obìnrin wọ̀nyí, mo sì sọ bí Priya ṣe sọ ọ́. Wọ́n tún sún mọ́ gíláàsì náà.

“Ejò ni ọkọ wọn,” ni Màmá wí, “wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ fún un.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi jẹ oúnjẹ tí mo bá sè. Ní ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń múra iṣẹ́, wọ́n ní kí n mú bírò. Ẹ ti mọ̀ pé láti ọdún tí àwòrán yẹn ti sọnù, Bàbá Káyọ̀dé ni Màmá ń pè yín, bí ará ìta ṣe ń pè yín. Mo ti gbàgbé pé wọ́n ní orúkọ mìíràn fún yín rí. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ nìyí: Àjàní ọkọ mi kò mú ohun olóhun rí. Mo ní ṣé ó parí? Wọ́n ní ó parí. Mo kọ tèmi sí abẹ́ rẹ̀, pé èmi ni mo sun ún, mo sì fi orúkọ mi sí i. Káyọ̀dé ní ṣé mo mọ̀ pé gbogbo Ìkirun ló máa kà á. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ kó hàn ketekete.

Láàárọ̀ yìí mo gbọ́ ohùn Màmá nínú yàrá wọn, mo rò pé fóònù ni wọ́n ń dáhùn. Mo yọjú. Fóònù wà lórí tábìlì lọ́dọ̀ mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, orúnkún tó ń dùn wọ́n náà, wọ́n ń pè yín ní Àjàní, wọ́n ń bẹ̀ yín. Mo rọra fa ilẹ̀kùn padé, mo wá jókòó kọ ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Màmá lóhùn ná. Tèmi lè dúró.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ bo àṣírí rẹ̀.